Àwọn Tí Ìkírámátù Fi Àkísà Rán

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìkírámátù, ọmọ Àlájì Múdàṣírù aláṣọ, lò ní Gàbọ́ọ̀nù. Nígbà tó padà sí Parakú, báàgì kan ṣoṣo ló gbé bọ̀. Àwọn ará àdúgbò Àlùbáríkà tó wá kí i káàbọ̀ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọkọ̀ ẹrù ń tẹ̀lé e. Nígbà tí wọn ò rí ọkọ̀, wọ́n wo àyà rẹ̀. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Wọ́n ti gbọ́ pé jẹjẹrẹ mú un lọ́mú òsì ní Líbúrẹ́fìlì, olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù, pé àwọn dókítà gé ọmú náà, wọ́n sì fẹ́ fi ojú ara wọn rí ibi tó ti kúrò. Wọ́n ń wí pé, "Ẹ kú ewu o, ẹ kú ewu," ojú wọn ń bà lé e, ó ń fò, ó tún ń bà, bí eṣinṣin etí àwo.

Ìkírámátù jókòó sórí ẹní, ó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ó ń pòṣé. Ẹ wò ó tẹ́rùn. Nígbà tí mò ń fi bàtà àti aṣọ ránṣẹ́ sí yín, ta ni nínú yín ló béèrè bóyá mo ti jẹun?

Fàdílù náà wá. Òun ni ọkùnrin tó bá a ṣe àdéhùn ìgbéyàwó kí ó tó wọkọ̀ ojú omi, tó ní òun yóò dúró dè é. Ọdún tó gbọ́ pé àìsàn dé ni ó gbé ẹlòmíràn níyàwó. Ó mú ìyàwó ọ̀hún dání, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì ṣàdúrà títí omi tútù tí wọ́n gbé fún un fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ife. Bí ìlérí rẹ̀ ṣe kúrú tó ni àdúrà rẹ̀ gùn tó. Ìkírámátù ṣe àmín, ó yíjú sí ògiri.

Nígbà tí ilé dá, ìyá rẹ̀, Sìdíkátù, tú báàgì náà. Àkísà ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kan àti abẹ́rẹ́.

"Ìkírámátù, kí nìyí?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

Obìnrin ará Àgbómẹ̀ kan ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ibùsùn àwọn méjèèjì kọjú síra ní ọpítáàlì. Obìnrin náà a máa gé àjákù aṣọ sí àwòrán èèyàn, ẹyẹ àti ẹranko, a sì rán wọn mọ́ aṣọ ńlá kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba rẹ̀ ṣe ń ṣe é nílé wọn. Òun ni kò yè é. Ìkírámátù ni ó yè. Oògùn àwọn dókítà ti tán lára Ìkírámátù, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò tíì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ. Bó bá dijú, ó ń gbọ́ omi. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ nìkan ni omi náà ń dákẹ́.

Ó wá ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, ó ń gé, ó ń rán. Àwọn tó ń kọjá a máa yọ ṣùtì sí i. Àlájì Múdàṣírù fúnra rẹ̀ sọ fún àlejò kan, láìrẹ ohùn sílẹ̀, pé, "Àwọn ọmọ ẹlòmíì lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, wọ́n kọ́lé. Tèmi ń fi àkísà ṣeré ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Ìkírámátù gbọ́. Kò gbójú sókè.

Ìgbà òjò ni Zàkárí kọ́kọ́ wọlé náà. Ará àdúgbò Títírù ni, ó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe láti ojúlé dé ojúlé, ìyá Ìkírámátù ló sì pè é. Ó tú máṣíìnì palẹ̀, ó fi epo sí i, ó tò ó padà. Nígbà tó ń nu ọwọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sórí aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ Ìkírámátù, ọkọ̀ ojú omi kan tí èèyàn kún inú rẹ̀, lórí omi aláró.

"Ta ló rán ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ rán an ga jù."

Ìkírámátù gbójú sókè. "Kí lẹ wí?"

"Ọkọ̀ tó gbé èrò tó báyìí, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ rán yìí fúyẹ́ jù. Bí ẹni pé òwú ló kó."

Ìkírámátù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Epo dúdú wà léèékánná rẹ̀. Okùn bàtà rẹ̀ ti ọ̀tún kì í ṣe ẹgbẹ́ ti òsì. "Máṣíìnì la ní kẹ́ ẹ wá tún ṣe," ó ní. "A ò ní kẹ́ ẹ wá tún òkun ṣe."

"Òótọ́ nìyẹn." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Mo wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Wọ́n dá wa padà kí ẹsẹ̀ wa tó kan ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù. Ẹ má bínú."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìkírámátù fi bú u nínú ara rẹ̀. Atúnmáṣíìnìṣe lásán-làsàn, ẹni tí wọ́n lé bí ẹní lé adìyẹ, irú rẹ̀ ni yóò wá kọ́ òun bí ọkọ̀ ṣe ń rí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ìrántí sì dé. Omi náà sún mọ́ etí ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi ìka kàn án láìtẹ̀ ẹ̀yìn. Obìnrin kan tó jókòó níwájú òun ń gbọ́n ọn jáde pẹ̀lú ìgò tí wọ́n gé lórí, títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Òun mọ̀ ọ́n, òun kàn gbé ọkọ̀ náà ga nínú aṣọ kí èèyàn kankan má baà rì ni.

Ó tú gbogbo òwú ìdí ọkọ̀, ó sì ń sunkún bó ṣe ń tú u. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì sunkún rí. Ó rán ọkọ̀ náà padà sí ìsàlẹ̀, níbi tó wà gan-an. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, kò gbọ́ omi.

Zàkárí padà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó ní òun wá wo bí epo ṣe ń ṣe nínú máṣíìnì ni. Ó wo aṣọ náà, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó gbà. Máṣíìnì tó ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan péré ní ogún ọdún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí Sìdíkátù kò gọ̀. Zàkárí a máa kó àjákù aṣọ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́, a jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, wọn a sì jọ máa ṣàríwísí gbogbo ayé.

Lẹ́yìn aṣọ ọkọ̀, Ìkírámátù rán àwọn tó wá kí i káàbọ̀: èèyàn mẹ́wàá, ojú ogójì. Ó rán Fàdílù tó gbọ́wọ́ àdúrà sókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sí ọ̀nà àtisá. Zàkárí rí èyí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ẹ̀rín kọ́ ni mo fi rán an," Ìkírámátù wí.

"Mo mọ̀. Ẹ̀gàn lo fi rán an. Ìdí nìyẹn tó fi jọ Fàdílù."

Ó ti kúrò ní *ẹ* sí *o* láìtọrọ àyè. Ìkírámátù gbọ́ ọ, ó sì fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá ti lọ tán, iyèméjì a dé. Kí ni ọkùnrin tó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ òun? Àánú ni, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀, òun kórìíra àánú ju jẹjẹrẹ lọ. Ìgbà ọ̀yẹ́ ti dé kí ó tó lè bi í.

"O ti gbọ́ nípa mi, àbí?"

"Mo ti gbọ́."

"Kí lo gbọ́?"

"Pé ahọ́n rẹ mú."

"Èkejì ńkọ́?"

Zàkárí gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo gbọ́ ìyẹn náà. Mo wá ohun tí mo lè sọ sí i tí kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gọ̀, n ò rí i. Mo bá dákẹ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ, Ìkírámátù. Ìyẹn kò jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gọ̀ létí tèmi."

"Dókítà ní kí n máa lọ yẹ ara wò fún ọdún márùn-ún. N ò tíì lo méjì."

"Ṣé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá ọ lọ ni?"

Ìkírámátù fa aṣọ tó ń rán mọ́ra. Ó mú abẹ́rẹ́, ó gún ara rẹ̀ níka, ó sì bínú sí i nítorí èyí náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí Sìdíkátù, ó ránṣẹ́ pe Àsánátù. Àsánátù ni alárinà gbogbo Àlùbáríkà. Ó so ilé mẹ́rìnlélógún pọ̀, mọ́kànlá ti tú ká, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú òórùn tùràrí, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní ìjókòó, ó wo Ìkírámátù bí ẹní ń wo iṣu tí ó kù sídìí ebè.

"Kò burú," ó wí. "Ojú ṣì dára. Ìyá ọmọkùnrin náà, Àlájà Ṣùkúrátù, ló ń bà mí lẹ́rù. Bí obìnrin yẹn bá gbọ́ òtítọ́ tán, ó parí. Nítorí náà kò ní gbọ́. Òwú la ó fi dí àyè ọmú náà. Màá wá kọmú tó le, a ó kì í, a ó rán an pa. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá so yìgì tán, ta ni yóò dá ìyàwó padà?"

Ìkírámátù rò pé bàbá òun yóò lé e jáde. Àlájì Múdàṣírù gbọ́ ọ títí dópin, ó ní, "Ó bọ́gbọ́n mu."

"Bàbá, gbogbo Parakú ló mọ̀. Ojú ta lẹ fẹ́ dí?"

"Wọ́n gbọ́ ni, wọn ò rí i," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Ṣe é kí ojú má tì mí."

Ìkírámátù wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gàn tó ní fún àwọn ará àdúgbò kò dùn ún rí, ó tilẹ̀ ń fún un lókun. Èyí tó ní fún àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ńṣe ló ń ta á lọ́kàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Àlájà Ṣùkúrátù dé pẹ̀lú Àsánátù. Obìnrin gíga ni, ó ń ta lẹ́ẹ̀sì, kò sì fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

"N ò ní fọ̀rọ̀ gùn," ó wí. "Ọmọ mi kan ṣoṣo ni Zàkárí. Òkun fẹ́ gbà á, Ọlọ́run dá a padà fún mi. N ò ní wá fà á lé ẹni tí ikú ti fọwọ́ sàmì sí lọ́wọ́."

Àsánátù sáré fèsì. "Àlájà, ọ̀tá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ara ọmọ yìí pé. Ẹ wò ó, ṣé ẹ rí àbùkù kankan?"

Ìkírámátù dìde, ó wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ó tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀ láàárín gbogbo wọn. Obìnrin kan ló wà lórí ibùsùn funfun nínú rẹ̀. Ọmú ọ̀tún rẹ̀ yọ. Ẹ̀gbẹ́ òsì tẹ́ pẹrẹsẹ, òwú pupa sì là á kọjá láti abẹ́ apá dé àárín àyà, ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlélógún.

"Èmi nìyí, Àlájà," ó ní. "Àsánátù ń purọ́ fún yín. Àbùkù tí ẹ ń wá, òun ló wà nílẹ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òwú tàn yín jẹ."

Àlájì Múdàṣírù fi ọwọ́ bojú. Àlájà Ṣùkúrátù wo aṣọ náà pẹ́, ó pẹ́ ju bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó kórìíra lọ. Lẹ́yìn náà ó kó ìborùn rẹ̀ jọ, ó bọ́ síta láìkí ẹnikẹ́ni.

Zàkárí wá lọ́jọ́ kejì. "Màmá ní kí n yàn láàárín àwọn àti ìwọ. Mo ní mo ti yàn. Àwọn ló kù."

"Má bá ìyá rẹ jà nítorí mi."

"N ò jà. Mo kàn sọ̀rọ̀ ni."

"Zàkárí, bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ìyá rẹ sọ ńkọ́? Bí mo bá kú lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni yóò gbọ́ 'mo sọ fún ọ' títí ayé? Má wá mọ́. Ọjọ́ tí ìyá rẹ bá gbà ni kí o wá."

Ó lọ. Ìkírámátù jókòó sídìí àkísà, kò sì rí ohun tó lè gé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, máṣíìnì ìyá rẹ̀ sì bàjẹ́ ní tòótọ́. Kò sẹ́ni tó lọ pe atúnṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí gbogbo ará ilé ti lọ sọ́jà, sẹ́mì kan, alùpùpù tó ń gbé èrò, dúró lẹ́nu ọ̀nà, Àlájà Ṣùkúrátù sì sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan.

"Mi ò tíì gbà ọ́," ó wí, kí ó tó jókòó.

"Mo gbọ́ yín, Àlájà."

"Ti ilẹ̀kùn."

Ìkírámátù tì í. Obìnrin náà yọ ìborùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì bùbá rẹ̀. Bọ́tìnnì kejì kò gbà. "Láti oṣù Ràmàdánì ni," ó wí. "Gbé ọwọ́ rẹ wá. Ibí. Ṣé bí tìrẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí?"

Kókó kan wà nínú ọmú rẹ̀, ó le, kò yẹsẹ̀ lábẹ́ ìka. Ìkírámátù mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ọ̀tá rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ kan dúró sórí ahọ́n rẹ̀. Ẹni tí ikú ti fọwọ́ sàmì sí. Ó dùn lẹ́nu, ó gbóná, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti sọ ọ́. Ó wo ọwọ́ àgbàlagbà náà tó ṣì di bọ́tìnnì mú, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Èmi kì í ṣe dókítà," ó ní. "Ẹ múra. À ń lọ sí ọpítáàlì láàárọ̀ ọ̀la."

"Ta ló ní kí o bá mi lọ?"

"Kò sẹ́ni. Ṣé Àsánátù lẹ fẹ́ mú lọ?"

Àlájà Ṣùkúrátù pòṣé. "Àsánátù. Kí gbogbo ọjà lè gbọ́ kí n tó padà délé."

"Ẹ ó sọ fún Zàkárí pẹ̀lú. Bí ẹ ò bá sọ fún un, n ò ní bá yín lọ."

"O ti ń pàṣẹ fún mi báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlájà."

Ọpítáàlì Parakú yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ ìwé fún un kí ó lọ sí Kútọnu. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó tètè wá. Ìkírámátù, Zàkárí àti Àlájà jọ wọ bọ́ọ̀sì. Láti Parakú dé ìlú Bohicon, Àlájà ń ṣàròyé: ìjókòó le, awakọ̀ gọ̀, Ìkírámátù gbé àgé omi sí ibi tí kò yẹ. Lẹ́yìn Bohicon ó béèrè láìwo ẹnikẹ́ni, "Nígbà tí wọ́n gé tìrẹ, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Obìnrin ará Àgbómẹ̀ kan."

"Kì í ṣe ẹbí rẹ?"

"Kì í ṣe ẹbí mi."

Àlájà tún ìborùn rẹ̀ wé. Ó ní, "Ẹbí rẹ kò wúlò." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Wọ́n gé ọmú náà. Ara rẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní yóò pẹ́ kí ó tó lè kúrò ní Kútọnu. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní ìlú náà wá jókòó tì í. Àlájà ní kí Zàkárí àti Ìkírámátù máa lọ sílé.

"Ẹ sọ fún Múdàṣírù pé ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni kí wọ́n so yìgì," ó wí. "Kí wọ́n má dúró dè mí. N ò ní wá jókòó jẹ ìrẹsì ilé yẹn. Mo ti gbọ́ pé Sìdíkátù máa ń jó o."

"Ṣé ẹ ti gbà mí nìyẹn, Àlájà?" Ìkírámátù béèrè.

"Mo ní kí wọ́n so yìgì. Má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu."

Wọ́n so yìgì lọ́jọ́ Jímọ̀ náà. Ìrẹsì jó ní tòótọ́. Àsánátù dé, ó jókòó síwájú gbogbo èèyàn, ó ń sọ fún ẹni tó ń gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́ pé òun lòun so wọ́n pọ̀, pé ó gba ọgbọ́n kí ó tó ṣeé ṣe. Fàdílù náà wá, ó fẹ́ ṣàdúrà. Zàkárí ní ó tó, wọ́n ti ṣe é. Ìkírámátù jókòó láàárín wọn nínú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò ki òwú sí àyà, aṣọ náà sì tẹ́ síbi tó yẹ kí ó tẹ́. Àwọn èèyàn wò ó títí ó fi sú wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tọkọtaya náà padà sí Kútọnu. Àlájà Ṣùkúrátù ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ní ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tó kọjú sí ògiri. Ìkírámátù kò kí i kú ewu. Ó da àkísà sórí ibùsùn, ó fi abẹ́rẹ́ lé e.

"Kí ni kí n fi ìdọ̀tí yìí ṣe?" Àlájà béèrè.

"Ohun tó bá wù yín."

"Ohun kan ò wù mí."

"Ẹ fi í sílẹ̀ nígbà náà." Ó jókòó, ó mú tirẹ̀, ó ń rán. Zàkárí bọ́ síta lọ ra omi.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ kan jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, ó fa àjákù kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jù ú nù. Ó fa òmíràn. Àlájà Ṣùkúrátù dìde jókòó pẹ̀lú ìrora, ó na abẹ́rẹ́ sí Ìkírámátù. "Fi òwú bọ̀ ọ́ fún mi. Ojú mi ò ríran."

Ìkírámátù fi òwú bọ̀ ọ́. Nígbà tí Zàkárí yóò fi padà, ìyá rẹ̀ ti gé orí èèyàn kan jáde nínú lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé, ó sì ti rán gèlè gàgàrà lé e. Ihò ńlá kan wà níbi tó yẹ kí ẹnu wà.

"Màmá, ta nìyí?"

"Àsánátù ni," ìyá rẹ̀ dáhùn, láìgbójú sókè. "Má dúró sínú ìmọ́lẹ̀ mi. Ìyàwó rẹ ń bá mi wá aṣọ pupa tó máa tó ẹnu rẹ̀."